Ìwé Àwọn Aláìsàn

"Kọ ọ́ bí mo ṣe ń pè é," Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí láìgbójú sókè. "Nọ́ńbà kọkànlélógún: ibà. Nọ́ọ̀sì rí i láàárọ̀ yìí. Ó gba oògùn."

Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì kọ ọ́.

"Nọ́ńbà kejìlélógún: inú rírun. Nọ́ọ̀sì rí i láàárọ̀ yìí. Ó gba oògùn."

Ó tún kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹni kẹtàlélógún ni bírò rẹ̀ dúró. "Àǹtí, ìgbà wo lẹ rí wọn? Àwa méjèèjì la jọ wọlé láàárọ̀, a ò sì tíì kúrò nínú yàrá yìí."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ funfun tó wọ̀ nù ún. "Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì ibí yìí," ó ní. "Èèyàn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ń lọ sí ọ̀ọ́dúnrún. Dókítà tí wọ́n ní yóò máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò fojú kàn án láti oṣù mẹ́ta. Kọ́ńbọ́ọ̀dù oògùn tó ò ń wò yẹn, aláǹgbá ló kù síbẹ̀. Àwọn alábẹ̀wò ìjọba sì ń bọ̀ níparí oṣù. Tí wọ́n bá bá ìwé yìí lófìfo, èmi ni wọ́n máa bi, wọn ò ní bi dókítà. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, kọ ọ́."

Ó kọ ọ́.

Akọ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pe ọmọbìnrin náà. Ilé-ìwé ló ti gba orúkọ yẹn, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára débi pé àwọn olùkọ́ fúnra wọn máa ń ránṣẹ́ pè é kó wá bá wọn kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méje nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀ ló sì gbà á tọ́, tí kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun ò ní ìyá. Nínú ìdánwò àṣejáde, ó yege nínú gbogbo iṣẹ́ àfi ìṣirò. Bó ṣe ń dúró láti tún un ṣe ni àǹtí rẹ̀ bá a wá iṣẹ́ sí ibùdó tí òun náà ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ogúnléndé ni wọ́n ń tì mọ́ ibùdó náà, àwọn tí ogun lé kúrò nílé tí wọ́n sì gba ẹnu ààlà wọlé láìní ìwé. Ilé ìkẹ́rùsí ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi búlọ́ọ̀kù pín in sí yàrá yàrá. Òfin ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ti lo ọdún kan níbẹ̀. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún ẹni mẹ́rin, ẹni mẹ́rìndínlógún ló ń há ara wọn mọ́ ọn. Omi ẹ̀rọ kì í yọ ju ààbọ̀ wákàtí lọ lóòjọ́. Àwọn wọ́dà kì í sì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, nọ́ńbà ni.

Ọ̀gá àgbà ibùdó náà kì í jágbe mọ́ èèyàn. Bí omi ò bá yọ, á ní, "Kò sí wàhálà." Bí ọmọ ọwọ́ bá ń ké tìtorí ebi, á ní, "Kò sí wàhálà." Àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní bí òrùlé bá wó lu Ọ̀gá Kò-Sí-Wàhálà, abẹ́ páànù ni yóò ti máa sọ ọ́.

Fèrèsé yàrá ìtọ́jú kọjú sí àgbàlá tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kí àwọn ogúnléndé na ẹsẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Akọ̀wé ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ sórí fèrèsé, ó ń bá a wọ̀yá ìjà, nígbà tí ohùn kan ti ìta sọ̀rọ̀ láàárín irin.

"Ìdáhùn yẹn ò tọ̀nà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìṣirò fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kàn ń jíṣẹ́ ni."

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Nọ́ńbà kẹtàlélógójì ni lójú àwọn wọ́dà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe olùkọ́ ìṣirò nílé-ìwé kan tí kò lórùlé mọ́ báyìí. Nígbà tí Akọ̀wé bi í bó ṣe gbọ́ èdè àwọn tó báyìí, ó rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ ni wọ́n fa ààlà sí," ó ní. "Wọn ò rí èdè fà á sí."

Láti ọjọ́ náà, Tíṣà ni Akọ̀wé ń pè é. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn àgbàlá, Tíṣà á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á kọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò sì parí ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan náà: "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, bá mi rán wọn létí oògùn mi." Ikọ́ fée ló ń bá a jà. Ìgò kékeré tó máa ń fẹ́ sọ́nà ọ̀fun nígbà tí èémí bá fẹ́ há, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé, wọ́n sì tì í mọ́ yàrá ẹrù.

Akọ̀wé rán àǹtí rẹ̀ létí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́. Ó ní ẹrù kankan ò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé àṣẹ láti òkè. Kí ni kí n ṣe?"

Ní gbogbo àràárọ̀, Akọ̀wé ń kọ ọ́ sínú ìwé àwọn aláìsàn pé: Nọ́ńbà kẹtàlélógójì, ikọ́ fée, ó gba oògùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé bírò sílẹ̀ kó tó kọ ọ́ tán. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, kò gbé e sílẹ̀ mọ́.

Àsìkò yẹn ni wọ́n gba onígbálẹ̀ tuntun kan, obìnrin tó ti tó ọmọ ogójì ọdún, tó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọ̀hún ò mọ́ ọn lọ́wọ́ rárá. Ibi tó bá fọ̀, odò ló ń dà, wọ́n bá ń pè é ní Ìyá Ìkún-Omi.

"Ẹ má bínú o, mà," Akọ̀wé sọ fún un lọ́jọ́ kan, "ọwọ́ yín ò jọ ọwọ́ onígbálẹ̀." Àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà ti lé kúlúkúlú.

"Ọwọ́ tuntun ni," ó dáhùn. "Ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́."

Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. Ẹni mélòó ló ń sùn ní yàrá kẹrin? Ta ló ń di kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù mú? Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Akọ̀wé wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, ó sì bá Ìyá Ìkún-Omi tó kọjú sí ògiri, tó ń fi aṣọ nu bọ́tìnnì àyà rẹ̀, tó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Yàrá kẹrin. Ẹni mẹ́rìndínlógún. Wọn ò tíì rí omi láti àná."

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, mà?"

Obìnrin náà ò fò sókè. Ó mí kanlẹ̀. "Bọ́tìnnì ni," ó ní. "Bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ mi."

Akọ̀wé tì í. Ó wo bọ́tìnnì náà dáadáa. Ó tóbi ju àwọn yòókù lọ, ojú kékeré kan bíi ti kámẹ́rà sì ń dán láàárín rẹ̀.

"Akọ̀ròyìn ni mí," obìnrin náà wí. "Ẹnì kan tó kúrò nínú ilé yìí ló kọ lẹ́tà sí wa. Mo kọ́kọ́ wá sẹ́nu géètì bí akọ̀ròyìn, wọ́n ní kò sáyè. Mo padà wá bí onígbálẹ̀, wọ́n ní ìgbà wo ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Irọ́ lẹ fi wọlé nìyẹn."

"Irọ́ ni mo fi wọlé. Mi ò ní tàn ọ́, kì í ṣe ohun tí mo fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí òtítọ́ kàn kàn tí wọn ò ṣí, kí ni kéèyàn ṣe sí i?" Ó gbé garawa rẹ̀. "Bí o bá fẹ́ sọ fún ọ̀gá, mi ò lè dì ọ́ lẹ́nu. Kó o ṣáà kọ́kọ́ sọ fún mi, kí n lè rọ́nà jáde."

Akọ̀wé ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì ran obìnrin náà lọ́wọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò kan òun.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn alábẹ̀wò dé ni Ọ̀gá Kò-Sí-Wàhálà ní kí wọ́n kun gbogbo yàrá lọ́dà. Wọn ò kó èèyàn jáde. Orí ẹní làwọn ogúnléndé jókòó sí tí wọ́n fi ń kun ògiri lẹ́yìn wọn, òórùn ọ̀dà sì gba gbogbo ilé bí èéfín. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkúùkù gbá ilẹ̀kùn yàrá kẹrin.

"Tíṣà ò lè mí! Ẹ gbà wá o! Tíṣà ò lè mí!"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì sáré, Akọ̀wé tẹ̀ lé e. Wọ́n bá Tíṣà lórí ìkúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè tó ya. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú bí ẹ̀lú. Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé e jókòó, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. "Oògùn rẹ̀!" ó pariwo. "Ẹ ṣí yàrá ẹrù!"

"Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀gá," wọ́dà kan dáhùn. "Ọ̀gá sì lọ sípàdé."

"Ẹ fọ́ ilẹ̀kùn náà!" Ìyá Ìkún-Omi ló sọ̀rọ̀. Ó ti ju igi ìnulẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ìwọ ló máa fún wa láṣẹ ni, onígbálẹ̀?"

Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Tíṣà gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Akọ̀wé. Kò lè sọ̀rọ̀. Níkẹyìn, wọ́dà kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ gba òòlù lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn akunlé, ó sì fọ́ àgádágodo náà. Wọ́n rí ìgò kékeré náà ní ìsàlẹ̀ àpò Tíṣà, níbi tó wà láti oṣù márùn-ún. Wọ́n fẹ́ ẹ sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Kò kú, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó wà mọ́ nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó oúnjẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀gá dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ó wọ yàrá ìtọ́jú, ó rọra jókòó sétí tábìlì. "Kò sí wàhálà," ó ní. "Akọ̀wé, mú ìwé rẹ. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n gbé oògùn rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì lónìí, ó kọ̀ ọ́."

Akọ̀wé wo àǹtí rẹ̀. Ògiri ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń wò.

"Èsì ìdánwò rẹ ìbáà dára, ìbáà má dára," ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "àyè iṣẹ́ wà fún ọ níbí. Èèyàn bíi tìrẹ là ń fẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá sì dé ìta, ìwé ẹ̀rí àǹtí rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Akọ̀wé kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára bó ṣe máa ń dára.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣílẹ̀kùn àgbàlá, àwọn èèyàn jáde, kò sẹ́ni tó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Akọ̀wé jókòó síbẹ̀ títí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi pé. Lẹ́yìn náà ló lọ wá Ìyá Ìkún-Omi kàn nídìí ẹ̀rọ omi.

"Ẹ wá ya àwòrán ìwé àwọn aláìsàn," ó ní. "Gbogbo rẹ̀. Títí dórí èyí tí mo kọ lánàá."

Akọ̀ròyìn náà wò ó. "Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Àǹtí mi."

"Ṣé o mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

"Mo mọ̀."

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

Akọ̀wé mi orí rẹ̀ pé rárá.

"Rò ó re, ọmọ mi. Ohun tí mo ní lọ́wọ́ ti tó gbé jáde."

"Tí ẹ ò bá ní ìwé náà, wọ́n á ní Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ̀ láti lo oògùn, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gba oògùn tí wọ́n tì mọ́ yàrá ẹrù. Gbogbo ayé á gbà wọ́n gbọ́."

Nígbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì lọ jẹun ọ̀sán, Akọ̀wé ṣí dúrọ́ọ̀, ó sì ń ṣí ìwé náà lójú ewé kọ̀ọ̀kan níwájú bọ́tìnnì náà. Ojú ewé mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Nígbà tó fi máa dé ìparí, ojú ń tì í débi pé kò lè wo ojú obìnrin náà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìròyìn ìrọ̀lẹ́ gbé e jáde. Wọ́n bo ojú àwọn ogúnléndé, wọn ò dárúkọ òṣìṣẹ́ kankan, wọ́n sì fi nǹkan bo ibi tí wọ́n fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ìwé náà yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ìlà rẹ̀ gún régé, Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Èmi ni mo ṣí dúrọ́ọ̀ fún wọn."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì pa tẹlifíṣọ̀n. "Ọwọ́ òsì lo fi júwe ilé bàbá ẹ," ó wí jẹ́ẹ́. "Mi ò sọ pé ohun tá a ṣe dáa. Ohun tí ò dáa ò lórúkọ méjì. Ṣùgbọ́n èmi tí mo gbé ẹ pọ̀n, ṣé mi ò tó ẹni tó o lè kọ́kọ́ sọ fún ni?"

Akọ̀wé mọ̀ pé òótọ́ ni. Fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu àǹtí rẹ̀ jáde sí i ò ju "Oúnjẹ wà ní kíṣìnnì" lọ.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, rédíò sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ ni Ọ̀gá Kò-Sí-Wàhálà. Ó ní ayédèrú ni ìwé tí wọ́n fi hàn, pé akọ̀ròyìn náà ló jókòó sílé rẹ̀ tó kọ ọ́. Wọ́n ní kó mú ojúlówó wá, ó ní ó ti sọnù. Wọ́n bi akọ̀ròyìn pé ta ló fi ìwé náà hàn án. "Ẹni tó fọkàn tán mi ni," ó dáhùn. "Mi ò lè dárúkọ rẹ̀." Alága ní tí kò bá dárúkọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ fún ayédèrú àti fífi ẹ̀tàn wọ ilé ìjọba.

Abọ́ ni Akọ̀wé ń fọ̀ nígbà tó gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ náà á kọjá lórí rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó lọ sí pálọ̀.

"Àǹtí, mo fẹ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ lọ́la. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín lọ́tẹ̀ yìí."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì pa rédíò. Ó ní, "Aago mélòó?"

Nígbà tí Akọ̀wé máa jáde láàárọ̀, ó bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́ kó gún. "Kí lò ń wò?" àǹtí rẹ̀ wí. "Ṣé o rò pé màá jẹ́ kó o dá lọ ni?"

Níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n fún Akọ̀wé ní bírò àti pépà. Ó kọ ìlà kan, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìwé náà. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ayédèrú mọ́.

"Kí ló dé tí o fi kọ ohun tí o mọ̀ pé irọ́ ni?" alága bi í.

"Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ni, sà." Ó ti pépà náà síwájú. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé bírò sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára. Ohun tó yẹ kí n kọ̀ ni mo kọ."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì dìde níbi tó jókòó sí. "Èmi ni mo pè é fún un tó fi kọ ọ́," ó wí sókè. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé oògùn ò sí, mo sì dákẹ́."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọ́n yọ ọ̀gá nípò, ẹjọ́ rẹ̀ sì wà nílé ẹjọ́. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí Àǹtí Nọ́ọ̀sì fún ọdún kan, nǹkan sì le koko fún àwọn méjèèjì lọ́dún ọ̀hún. Wọ́n jẹ́ kí akọ̀ròyìn máa lọ. Dókítà ń wá sí ibùdó náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ báyìí, oògùn sì ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Síbẹ̀, ibùdó náà ṣì wà, àwọn èèyàn ṣì ń pẹ́ nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nílé ìwòsàn, wọ́n yọ̀ǹda Tíṣà fún mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan. Akọ̀wé lọ kí i. Ó ti rù sí i, bó bá sọ gbólóhùn méjì, á sinmi kó tó sọ ìkẹta. Akọ̀wé kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Tíṣà ò yára ní kó dìde. "Ó dùn mí," ó ní. "Gbogbo àárọ̀ tí mo ń bẹ̀ ọ́, o ti kọ ọ́ pé mo ti gbà á." Ó sinmi. "Ṣùgbọ́n o padà wá sọ ọ́ níbi tí gbogbo ayé ti ń gbọ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wá ọ. Mo ti dárí jì ọ́. Dìde, jókòó."

Akọ̀wé jókòó tì í títí òrùn fi rọlẹ̀. Ohun tó wá yé e lọ́jọ́ náà ló ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí dòní: kì í ṣe ẹni tó pàṣẹ ìkà nìkan ló ń ṣe ìkà, ẹni tó bá a fi ọwọ́ tó dára kọ ọ́ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti rí wa fà wọ inú irọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti jáde, ká sọ òótọ́ nígbà tó ṣì lè ran ẹni tá a ṣẹ̀ lọ́wọ́, ká má dúró dìgbà tí kò ní ná wa ní nǹkan kan.